Ìṣẹ́jú Márùn-ún Tó Kẹ́yìn

Pahoua, àga rẹ ṣófo.
Mo gbé báàgì mi lé e kí ẹlòmíì má jókòó síbẹ̀.
Ìwà ọmọdé ni, mo mọ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta sì ni mí.

Lálẹ́ ọjọ́ tó o kọ́kọ́ wọlé, mo ṣebí o ṣìnà ni,
mo ṣebí ò ń wá ìyá rẹ láàárín àwọn tó ń gbálẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì.
Kùrukùru ti bo gbogbo ọkọ̀ níta,
orúkọ ilé-ìwé gíráńmà ṣì wà láyà súwẹ́tà rẹ.
O yọ pẹ́ńsù mẹ́ta, o tò wọ́n
bí dókítà tó fẹ́ la ikùn aláìsàn.
Olùkọ́ ń pe orúkọ, ahọ́n rẹ̀ kọsẹ̀ lórí tìrẹ.
“Pa-ú-à,” lo wí, jẹ́ẹ́jẹ́,
bí ẹni ń wọ bàtà fún ọmọ kékeré.

Wọ́n ní bọ́mọdé bá mọwọ́ wẹ̀, á bágbà jẹun.
Tìrẹ mọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.
Tèmi ni kò mọ́:
ọ́ìlì tírélà ti wọnú àtẹ́lẹwọ́ mi lọ
láti ogún ọdún tí mo ti ń kó tòmátì kọjá Los Banos.
Ìwọ lo ti ìwé rẹ sún mọ́ mi.
“Ọ̀gbẹ́ni Delfino, ẹ ti fo ìlà kan.”

Omi là ń kọ́. Bí wọ́n ṣe ń wọn omi fún oko:
mélòó ni igi álímọ́ńdì ń mu lóṣù Keje,
mélòó ni oòrùn ń jí kó.
Èmi ń wá iṣẹ́ tí kò ní máa sùn mí sétí títì.
Ìwọ ń wá máàkì tí wàá kó dé yunifásítì,
kí bàbá rẹ lè san owó ọdún mẹ́ta dípò mẹ́rin.
O ṣírò rẹ̀ fún mi sẹ́yìn ìwé,
o fa ìlà méjì sábẹ́ iye tó kù.
Ọwọ́ rẹ yá jù. Mo mọ̀ pé o ti ṣe é tẹ́lẹ̀, lóru, lọ́pọ̀ ìgbà.

Agogo mẹ́sàn-án ni kíláàsì ń parí.
Mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ń lọ.
Ẹni tó ṣètò méjèèjì kò tíì wọ bọ́ọ̀sì rí.
Bí olùkọ́ bá ti ń wí pé, “Ohun tó ṣe kókó jù rèé,”
o ti dìde,
bàtà rẹ ti ń ké lórí ilẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ní kí n máa gbé ọ délé; o ní ìyá rẹ kò ní gbà.
Ìyá rẹ jàre.
Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìṣẹ́jú márùn-ún náà sílẹ̀ fún ọ,
èmi tí n kò kọ ju orúkọ mi lọ lórí ìwé ẹrù.
Ó rí bí ilẹ̀ tí adìyẹ tàn. O kà á.
Lọ́jọ́ kan o mú ejìnrìn mẹ́fà wá látoko bàbá rẹ,
o ní, “Owó ìṣẹ́jú márùn-ún.”
Ó korò. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀kọ́ márùn-ún lo kó lọ, mẹ́rin ni yunifásítì gbà.
Èyí tí a jọ jókòó ṣe ni wọn ò kà.
Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ni.
O gbé èjìká sókè. O ní omi ti ń dé ìpẹ̀kun oko bàbá rẹ,
ibi tí kì í dé tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ní omi lèèyàn, bó ṣàn lọ, á ṣàn padà.
Ní àfonífojì tiwa yìí, omi kì í dédé ṣàn.
Ẹnì kan ní láti dìde lóru lọ ṣí i.

Olùkọ́ mìíràn ló wà níwájú lálẹ́ yìí.
Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí bọ́ọ̀sì lọ.
Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn, súwẹ́tà bíi tìrẹ, ti ń wo ẹnu ọ̀nà.
N kò tíì mọ orúkọ rẹ̀.
Mo gbé báàgì mi kúrò lórí àga,
mo wá pẹ́ńsù.